Kátúùnù Tí À Ń Fi Ọmọ Sílẹ̀ Fún

Àṣà kan wà tí òbí Ìbàdàn àti òbí London jọ ń dá báyìí: bí iṣẹ́ bá ti wọ̀ wọ́n lọ́rùn, wọn á tan kátúùnù fún ọmọ, wọn á bá tiwọn lọ. Fíìmù kan náà ni àwọn ọmọ ọ̀hún sábà máa ń wò, Amẹ́ríkà sì ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti wá. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà torí pé ó ń wá ìsinmi. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé fíìmù wọ̀nyí ń kọ́ ọmọ ní irú ẹni tó yẹ kó jẹ́ akọni, irú ẹni tó yẹ kó jẹ́ ìkà, àti ohun tó tọ́ sí obìnrin, kò sì sí àgbà kankan nítòsí tó máa dá sí i.

Ní òkè òkun tí a wà, ọ̀rọ̀ àwọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ dùn wá. Lọ́dún 1941, Disney ṣe Dumbo, ó sì kó àwọn kannakánná kan sínú rẹ̀ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí ìgbà tí òyìnbó bá ń sín aláwọ̀ dúdú jẹ. Jim Crow ni wọ́n sọ olórí wọn, orúkọ kan náà tí wọ́n ń pe òfin tó ya dúdú sọ́tọ̀ ní gúúsù Amẹ́ríkà. Òyìnbó tó ń jẹ́ Cliff Edwards ló sì fi ohùn ṣe é. Nígbà tó yá, Disney fúnra rẹ̀ fi ìkìlọ̀ sí fíìmù náà lórí Disney+.

Irú ìyẹn ti dínkù, ṣùgbọ́n kò tíì tán. Ó di ọdún 2009 kí Disney tó fi ọmọ dúdú ṣe ọmọbabìnrin, ìyẹn Tiana nínú The Princess and the Frog. Kò pẹ́ rárá tí Tiana fi di àkèré, fíìmù sì fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kó tó padà di ènìyàn. Nígbà tí Pixar náà fi ọkùnrin dúdú ṣe olórí ìtàn nínú Soul lọ́dún 2020, ẹ̀mí rẹ̀ kúrò lára, ó sì tún lọ wọ ara ológbò. Ọmọ wa tó ń wá ojú tó jọ tirẹ̀ rí i fìrí, wọ́n sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ti ohùn ẹnu ló tún burú jù. Ilẹ̀ Áfíríkà ni ìtàn The Lion King ti ọdún 1994 ti wáyé, ṣùgbọ́n Matthew Broderick, òyìnbó Amẹ́ríkà, ló fi ohùn ṣe Simba nígbà tó dàgbà. Lóòótọ́, aláwọ̀ dúdú ni James Earl Jones tó ṣe Mufasa, bí ọba sì ni wọ́n ṣe jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Àwọn ìkookò ni wọ́n fún ní ohùn àdúgbò tálákà, Whoopi Goldberg àti Cheech Marin tí ìran rẹ̀ ti Mẹ́síkò wá sì wà lára àwọn tó ṣe é.

Mo rí èso rẹ̀ nílé àbúrò mi kan ní Peckham, ní London. Àwọn ọmọ ń ṣe eré fíìmù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wò tán. Nígbà tó kan ìkà inú ìtàn, ọmọbìnrin tó ń ṣe é yí ohùn padà, gẹ̀ẹ́sì ìyá àgbà rẹ̀ gẹ́lẹ́ ló sì bọ́ sí i lẹ́nu. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ó fẹ́ràn ìyá àgbà náà dọ́ba. Ó kàn ti mọ̀ pé bí ẹni burúkú ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Nílé, ọ̀rọ̀ àwọ̀ kò lè gbóná tó bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ ọmọ Ìbàdàn, dókítà rẹ̀ àti ọba ìlú rẹ̀, dúdú ni gbogbo wọn. Ibi tí ojú kò ti tó nílé ni ọ̀rọ̀ obìnrin, torí pé ohun tí fíìmù ń sọ àti ohun tí ilé ń ṣe bára mu. Láti ọdún 1937 ni Snow White ti ń gbálẹ̀, tó ń dáná fún ọkùnrin méje. Ní 1989, Ariel, ọmọbabìnrin Disney míì, fi ohùn ara rẹ̀ ṣe pàṣípààrọ̀ kó lè rí ọkùnrin fẹ́. Lọ́dún 2016, àwọn onímọ̀ èdè méjì, Carmen Fought àti Karen Eisenhauer, gbé iṣẹ́ jáde lórí iye ọ̀rọ̀ tí tọkùnrin tobìnrin ń sọ nínú fíìmù ọmọbabìnrin Disney. Nínú ìtàn Ariel, ọkùnrin ló sọ nǹkan bí 68 nínú 100. Nínú Mulan, tó jẹ́ ìtàn ọmọbìnrin tó lọ sójú ogun, ó lé sí 77.

Ẹ wá wo pálọ̀ wa. Iná dé, fíìmù ń lọ, a sì nílò ẹni tó máa ṣa ẹ̀fọ́. Ọmọbìnrin la máa pè. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin á jókòó wò ó dé òpin. Ilé ti parí ẹ̀kọ́ tí fíìmù bẹ̀rẹ̀. Àwa tí à ń tọ olùkọ́ lọ ní London lórí ọ̀rọ̀ àwọ̀ náà kò sì yàtọ̀ nínú ilé wa.

Mi ò ní sọ pé àlọ́ àwọn baba wa mọ́ kúrò nínú èyí. Ọmọbìnrin tó kọ gbogbo ọkùnrin, tó wá tẹ̀ lé ẹni tó yá ẹ̀yà ara káàkiri, ìkìlọ̀ fún obìnrin nìkan ni wọ́n fi í ṣe. Ṣùgbọ́n apàlọ́ wà níbẹ̀, ọmọ sì lè bi í ní ìbéèrè. Bí ọmọ bá ní kí ló dé tí ìyà kò jẹ ẹni tó yá ẹ̀yà ara náà, àgbà gbọ́dọ̀ wá nǹkan sọ. Fíìmù kì í dáhùn.

Fíìmù tó dára náà ń bẹ. Bino and Fino tí Adamu Waziri dá sílẹ̀ l'Abújá fi tẹ̀gbọ́n tàbúrò hàn lọ́dọ̀ òbí wọn àgbà. Iwájú, tí Disney àti ilé-iṣẹ́ Kugali gbé jáde lọ́dún 2024, fi ọmọbìnrin Èkó, Tola, ṣe olórí ìtàn. Ohùn Nàìjíríà ni Tola fi ń sọ̀rọ̀, òun náà ni Bodé tó jẹ́ ọ̀daràn fi ń sọ ọ́, nítorí náà ohùn kò lè tú ẹni burúkú fó mọ́. Síbẹ̀, ó yẹ ká bi ọmọ léèrè ìdí tó fi jẹ́ pé Kọ́lé, ọ̀rẹ́ Tola tó jẹ́ ọmọkùnrin, ni wọ́n fún ní ọgbọ́n ẹ̀rọ.

Ẹ jókòó ti àwọn ọmọ yìí. Ẹ bi wọ́n pé ta ló sọ̀rọ̀ jù, báwo ni ìkà ṣe ń sọ̀rọ̀, ta ló ń dáná. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun, ẹ ní kí ìyá àgbà máa pa àlọ́ ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kí ọmọ lè gbọ́ akọni tó ń sọ̀rọ̀ bíi ti ìyá àgbà náà. Ẹ̀yin ará ilé, bí ẹ̀fọ́ bá wà ní ṣíṣà, ẹ dá fíìmù náà dúró, kí tẹ̀gbọ́n tàbúrò jọ ṣà á, kí wọ́n sì jọ padà wá wò ó tán.