Ẹ Má Tètè Mú Okùn

Bí aláìsàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í jà lórí ibùsùn, tí ó ń ya aṣọ, tí ó sì ń pe orúkọ àwọn tí ó ti kú, ohun tí ará ilé máa ń kọ́kọ́ wí ni pé wèrè ti dé. Okùn ni yóò sì tẹ̀ lé e. Àwa kò bá wọn jà nítorí ẹ̀rù tí ó bà wọ́n. Okùn náà ni a bá jà.

Ẹni tí orí rẹ̀ pé lánàá tí ó wá dàrú lójijì lónìí, àìsàn ara ni kí a kọ́kọ́ fura sí. Ibà líle lè fà á. Olóògùn àtọ̀gbẹ tí kò jẹun lè dà bẹ́ẹ̀ nígbà tí ṣúgà bá lọ sílẹ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ìrora lè fà á, ó sì lè jẹ́ ìtọ̀ tí kò rí ọ̀nà jáde lára bàbá arúgbó, tàbí ògógóró tí ọ̀mùtí ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀ lójijì. Okùn kò wo ọ̀kan sàn nínú wọn, àkókò ni ó ń jẹ.

Kí ẹnì kan ṣoṣo tí aláìsàn mọ̀ máa fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá a sọ̀rọ̀. Kí èrò ìyókù bọ́ síta. Kí a kó ọ̀bẹ àti ìgò kúrò nítòsí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bá a jiyàn, kí a má sì fún un ní oògùn oorun tí dókítà kò pàṣẹ. Lẹ́yìn náà, ilé ìwòsàn kíákíá. (A kò sọ pé kí nọ́ọ̀sì dúró kí a máa gbá a létí o.)

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe tuntun ní ilẹ̀ wa. Ní 1954, Dókítà Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Arò, Abẹ́òkúta, níbi tí àwọn alárùn ọpọlọ ti ń gbé láàrin àwọn ará abúlé, tí ẹbí wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, tí wọ́n sì ń lọ gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn. Síbẹ̀, ní 2019, àjọ Human Rights Watch ṣì rí àwọn tí a dè ní ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní oṣù kìn-ín-ní 2023 ni Ààrẹ Bùhárí fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun, tí ó rọ́pò òfin 1958.

Òfin Àbújá kò lè wọn ṣúgà fún aláìsàn ní Mámù lóru. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ni wọ́n máa ń sáré pè; ẹ kọ́ àwọn òbí. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, bí olùdíje yín bá dé láti tọrọ ìbò, ẹ bi í léèrè: ta ni yóò wà ní ilé ìtọ́jú wa lóru, kí ni yóò sì wà lọ́wọ́ rẹ̀?