Kókó Eegun Tí Kì Í Ṣe Jẹjẹrẹ: Orúkọ Wo Ni Kí A Sọ Ọ́?

Láti ọdún 1984 tí apá kìíní ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá ti jáde lábẹ́ àkóso Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé, tí apá kejì sì tẹ̀lé e ní ọdún 1990 lábẹ́ àkóso Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì, àwa olùkọ́ èdè ti rí ọ̀rọ̀ fi kọ́ni ní gírámà àti lítíréṣọ̀. Nínú ìmọ̀ ìṣègùn, iṣẹ́ ṣì pọ̀ nílẹ̀. Ẹ̀ka kékeré kan nínú ìmọ̀ náà ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ níhìn-ín, èyíinì ni àwọn kókó tí ń hù lára eegun ṣùgbọ́n tí wọn kì í ṣe jẹjẹrẹ. Èrò mi ni pé orúkọ tí a fi ń pè wọ́n lẹ́nu báyìí ń ṣi aláìsàn lọ́nà, àti pé orúkọ tí ó tètè ń wá sí atúmọ̀ èdè lọ́kàn láti fi rọ́pò rẹ̀ yóò ṣì í lọ́nà bákan náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ibòmíràn ni yóò darí rẹ̀ sí.

1. Bí ọ̀ràn ti rí

Ẹ jẹ́ kí a wo ilẹ̀ Lẹ́kkí àti Ajah ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ilẹ̀ apẹja àti àgbẹ̀ ni ibẹ̀ kí títì ńlá tí ó lọ sí Ẹ̀pẹ́ tó là á já ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn. Lónìí, ilé ìwòsàn aládàáni pọ̀ lójú títì náà, èdè Gẹ̀ẹ́sì sì ni a fi kọ pátákó wọn. Ṣùgbọ́n èdè Yorùbá ni púpọ̀ nínú àwọn tí ń ta ẹja lọ́jà Ajah, àwọn awakọ̀ àti àwọn bíríkìlà fi ń ronú nípa àìsàn ara wọn. Ilé ìwòsàn eegun tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Ìgbóbì ní ọdún 1945 sì wà ní òdìkejì ọ̀sà. Kí aláìsàn tó kúrò ní Ajah dé Ìgbóbì, yóò ti bá aládùúgbò, olóògùn òyìnbó àti ẹni tí ń to eegun pàdé, olúkúlùkù wọn yóò sì ti fún àìsàn náà ní orúkọ. Orúkọ tí ó kọ́kọ́ gbọ́ ni yóò sọ bóyá yóò tẹ̀ síwájú tàbí yóò padà sílé.

Ká ní ọ̀dọ́kùnrin kan, ẹni ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, rí i pé òkè orúnkún òun ń wú. Bí a bá sọ fún un pé jẹjẹrẹ ni, àwọn ẹbí rẹ̀ yóò gbà pé ikú ti dé, tàbí pé wọn yóò gé ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọn ó sì gbé e sá. Bí a bá sọ fún un pé kókó tí kò léwu ni, yóò dúpẹ́, yóò lọ sílé, yóò sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ títí eegun yóò fi kán. Nínú méjèèjì, ọ̀rọ̀ ni ó ṣe é ní jàǹbá kí àìsàn tó ṣe é.

2. Ibi tí ọ̀rọ̀ méjèèjì ti kùnà

Ẹni tí ó bá gbọ́ jẹjẹrẹ yóò gbọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe jẹ nínú rẹ̀. Ohun tí ń jẹ ara ni à ń rò. Bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe jíjẹ ni àwọn oníṣègùn fi ń ya jẹjẹrẹ sọ́tọ̀, bí kò ṣe ìrìn: sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ a máa ṣí kúrò níbi tí ó ti hù, a sì lọ tẹ̀dó sí ibòmíràn nínú ara. Kókó kan wà, tí ó sábà máa ń hù nítòsí orúnkún àwọn ẹni ogún ọdún sí ogójì, tí sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ máa ń tóbi rékọjá àlà. Ó ń jẹ eegun run gan-an, síbẹ̀ kì í ṣe jẹjẹrẹ. Irú kan náà ni kókó eegun àgbọ̀n tí ó wá láti ara ohun tí ń di eyín, èyí tí àwọn oníṣègùn eyín ilẹ̀ wa mọ̀ dáadáa. Bí a bá kàn ha á lásán, ó sábà máa ń padà hù.

Bí ó ti rí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ náà aláìléwu kò lè dúró. Àwọn kókó méjì tí mo dárúkọ yìí ní ewu púpọ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó bá ń fi aláìsàn lọ́kàn balẹ̀ níbi tí ó yẹ kí ó ti yára, kì í ṣe ìtumọ̀ tí ó yè kooro.

3. Orúkọ mẹ́ta

Nínú ìpín tí Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ̀ jáde ní ọdún 2020, ọ̀nà mẹ́ta ni a pín kókó eegun sí, kì í ṣe méjì. Mo dá a lábàá pé kí àwa náà ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta.

(i) Kókó afìdíkalẹ̀: èyí tí ó jókòó síbi tí ó ti hù, tí kì í sì í ba nǹkan jẹ́ púpọ̀. Nínú irú èyí ni kókó tí ó wọ́pọ̀ jù lọ wà, tí ó yọ síta lára eegun pẹ̀lú fìlà eegun rírọ̀ lórí bí irú èyí tí ó wà nínú etí wa. Ó sábà máa ń dẹ́kun dídàgbà nígbà tí ọmọ bá dàgbà tán. Bí ó bá tún ń tóbi lẹ́yìn náà, ó yẹ kí a fura.

(ii) Kókó abeegunjẹ́: èyí tí ó ń run eegun ní ibùdó rẹ̀. Ọ̀bayéjẹ́ tí gbogbo wa mọ̀ ni mo fi ṣe àwòkọ́ṣe rẹ̀. Mo yẹra fún ajẹ-eegun, nítorí pé bí a bá kọ ọ́ láìfi àmì sí i, etí Yorùbá yóò gbọ́ àjẹ́ níbẹ̀. Kò sì yẹ kí a fún aláìsàn ní ẹ̀rù tí kò kàn án. Ó ṣọ̀wọ́n kí kókó oní-sẹ́ẹ̀lì ńlá dé inú ẹ̀dọ̀fóró, ṣùgbọ́n ó máa ń ṣẹlẹ̀. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a kà á mọ́ afìdíkalẹ̀.

(iii) Kókó aṣíkiri: èyí ni jẹjẹrẹ gan-an. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ náà lè máa bá a lọ níbí, nítorí pé ó ti mọ́ àwọn ènìyàn lẹ́nu.

Ẹ̀kẹrin, tí kì í ṣe orúkọ àìsàn, ni àmì ohùn. Eegun tàbí egungun kò gbọdọ̀ di eégún tàbí egúngún lórí ìwé ilé ìwòsàn.

4. Ìdámọ̀ àti ìtọ́jú

Àyẹ̀wò ni a fi ń túmọ̀ ohun méjì tí kò jọra: wíwo ara, àti ìpinnu tí ó tẹ̀yìn rẹ̀ wá. Mo fẹ́ kí àyẹ̀wò jẹ́ ti èkíní, kí ìdámọ̀ sì jẹ́ ti èkejì. Àwòrán inú ara, tí ó ti ara ìṣàwárí Röntgen ní Jámánì ní ọdún 1895 wá, àyẹ̀wò ni. Ìdámọ̀ kò tíì parí títí oníṣẹ́ abẹ, ẹni tí ń ka àwòrán àti ẹni tí ń wo sẹ́ẹ̀lì yóò fi fohùn ṣọ̀kan.

Fún mímú díẹ̀ nínú kókó láti yẹ̀ ẹ́ wò, àwọn kan ń sọ pé gígé wò. Mo fara mọ́ ìyọwò. Abẹ́rẹ́ ni a sábà fi ń ṣe é, kì í ṣe gbogbo ìgbà ni a ń gé. Gígé sì ni ohun tí aláìsàn ń bẹ̀rù jù.

Ẹ ronú nípa kókó kékeré kan tí kì í sábà ju sẹ̀ǹtímítà méjì lọ, tí Jaffe ṣàpèjúwe ní ọdún 1935. Ìrora rẹ̀ a máa le lóru, aspirin a sì máa dín in kù. Ní ilẹ̀ wa, ìrora òru kì í pẹ́ di ọ̀ràn ayé. Bí a bá pè é ní kókó arolóru nínú ìwé ìlera, nítorí pé ó ń ro ni lóru, orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ yóò sọ fún ìyá ọmọ pé àwọn oníṣègùn mọ irú ìrora bẹ́ẹ̀, àti pé a lè fi abẹ yọ ọ́ tàbí kí a fi abẹ́rẹ́ gbígbóná jó o níbi tí ó wà.

Eegun tí kókó ti sọ di aláìlágbára lè kán nítorí ìkọsẹ̀ kékeré. Mo pe èyí ní kíkán àfàrùnfà, gẹ́gẹ́ bí a ti ń sọ àfọwọ́fà. Bí ẹni tí ń to eegun bá ní ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu, yóò mọ̀ pé dídì nìkan kò tó, nítorí pé kókó ṣì wà lábẹ́ ohun tí òun dì. Kí a má ṣe fi ojú tẹ́ńbẹ́lú àwọn ènìyàn wọ̀nyí; ọ̀pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí a ń wá, ẹnu wọn ni ó wà, ó sì yẹ kí a lọ gbà á sílẹ̀.

Ní ti ìtọ́jú, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ṣe pàtàkì. Ìkíní ni ìṣọ́. Ẹni tí a bá sọ fún pé kí ó fi kókó rẹ̀ sílẹ̀ kò ní padà wá, ṣùgbọ́n ẹni tí a bá sọ fún pé a óò máa ṣọ́ ọ mọ̀ pé ó ní ọjọ́ ìpadàbọ̀. Ìkejì ni ìhajáde: híha kókó kúrò nínú eegun, kí a sì fi eegun mìíràn tàbí sìmẹ́ńtì oníṣègùn dí àlàfo náà. Ìkẹta ni ìgékúrò, tí a ń gé apá eegun tí ó bàjẹ́ kúrò. Kí a fi ìyàtọ̀ sí èyí àti gígé ẹsẹ̀.

5. Àtakò kan

Àwọn kan yóò ní kí a kàn yá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lò. Mo gbà bẹ́ẹ̀ fún orúkọ oògùn: denosumab, tí Amẹ́ríkà fàṣẹ sí fún kókó oní-sẹ́ẹ̀lì ńlá ní ọdún 2013, kò nílò orúkọ àbísọ Yorùbá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí aláìsàn yóò gbé yẹ̀ wò kí ó tó fọwọ́ sí iṣẹ́ abẹ kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí kò yé e. Ètò Ifẹ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970 ti fi hàn pé ọmọdé lè fi Yorùbá kọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ohun tí ọmọdé lè ṣe ní kíláàsì kò yẹ kí ó ṣòro fún àgbàlagbà lórí ibùsùn ilé ìwòsàn.

Nítorí náà, mo rọ ẹ̀yin olùkọ́ àti atúmọ̀ èdè pé kí ẹ gbé àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí lọ sọ́dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn tí ń to eegun, kí ẹ gbọ́ bí wọn yóò ti dún lẹ́nu wọn. Èyí tí kò bá bá wọn lẹ́nu mu, kí a jù ú nù. Èyí tí ó bá bá wọn mu, kí ìgbìmọ̀ èdè-ìperí gbà á wọlé, kí ó lè dé Ajah ṣáájú àìsàn.