Ọmọ tí ṣíkìnpọ́ọ̀sì bá mú, ilé ni àyè rẹ̀

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí ó fún wa ní ọmọ, tí ó sì fi wọ́n ṣe ohun ìfipamọ́ sí wa lọ́wọ́. Kí ikẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábà rẹ̀ lápapọ̀.

 Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lọ́dún yìí kì í ṣe ti gírámà Lárúbáwá tí ẹ mọ̀ mọ́ mi. Ọ̀rọ̀ àìsàn ọmọdé ni, mo sì ní ẹ̀bi tèmi nínú rẹ̀.

Ní ọdún kan, bí ó ti ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí a ó ṣe wòlímọ̀, ọmọkùnrin kan wá sí kéwú, ara rẹ̀ gbóná. Mo rí nǹkan wínníwínní ní ọrùn àti àyà rẹ̀. Mo ní ooru ni. Ọmọ náà wà lára àwọn tí yóò ka Kùránì lójú èrò, n kò sì fẹ́ kí ó pa ìdánrawò jẹ, ni mo bá ní kí ó jókòó. Ìyá rẹ̀ náà ti rí i nílé, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ẹni tó bá pa kéwú jẹ lásìkò wòlímọ̀, ẹgba ni, tàbí kí a yọ orúkọ rẹ̀. Nígbà tí yóò fi tó ọ̀sẹ̀ méjì ààbọ̀, ọmọ mọ́kànlá ni nǹkan náà ti sú sí lára. Olùkọ́ obìnrin wa kan tí ó lóyún kó o pẹ̀lú. Ó wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni ó sì lò ní ọsibítù. Ọlọ́hun kó o yọ, òun àti ọmọ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ ọ́ pé àṣà wa ní ilé kéwú wà lára ohun tó ń tan àìsàn yìí ká.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí a ń sọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń da ṣíkìnpọ́ọ̀sì pọ̀ mọ́ Ṣànpọ̀nná. Àwọn Lárúbáwá pe Ṣànpọ̀nná ní judarī, wọ́n sì pe ṣíkìnpọ́ọ̀sì ní judarī olómi, nítorí omi tó máa ń wà nínú ìléròrò rẹ̀. Orúkọ wọn jọra, àrùn wọn kì í ṣe ọ̀kan. Ní nǹkan bí 1,100 ọdún sẹ́yìn, oníṣègùn ńlá nì, Abu Bakr al-Razi, kọ odidi ìwé láti fi ìyàtọ̀ sáàárín Ṣànpọ̀nná àti èéyi. Láti ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ wa ti mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ohun tó bá sú síni lára ni ọ̀kan náà. Ṣànpọ̀nná tó pa àwọn baba wa ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ilẹ̀ Sòmálíà ni ó ti mú ènìyàn kẹ́yìn láàárín ìlú ní ọdún 1977, àjọ ìlera àgbáyé sì kéde ní ọdún 1980 pé ó ti tán ní ayé. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún ìyá ọmọ pé olóde ló wọlé tọ̀ ọ́ tàbí pé kí ó lọ rúbọ. Ẹmu tí àwọn kan sì fi ń wẹ ọmọ, kí ni Mùsùlùmí ń fi ọtí ṣe lára ọmọ rẹ̀? Kì í wo àìsàn náà, ó sì ń ta lójú egbò.

Kòkòrò tí ojú kò lè rí ni ó ń fa ṣíkìnpọ́ọ̀sì. Afẹ́fẹ́ ń gbé e, omi ara ìléròrò náà sì ń ràn án. Láti ọjọ́ kan tàbí méjì kí ó tó sú síta ni ó ti lè ran ẹlòmíràn, kì í sì í ṣíwọ́ títí gbogbo ìléròrò yóò fi gbẹ, tí wọ́n á pa èépá. Èyí sábà máa ń gbà tó ọjọ́ márùn-ún sí méje lẹ́yìn tó bá sú. Ẹni tó bá kó o kò ní mọ̀ títí di ọjọ́ 10 sí 21. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń rò pé ó kàn ṣẹlẹ̀ ni.

Ẹ̀yin ìyá, ìtọ́jú rẹ̀ nílé kò le. Ẹ gé èékánná ọmọ kúrú, kí ó má baà họ ara rẹ̀ bó. Ẹ fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ wẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́, ẹ má fi kànìnkànìn bó o, ẹ rọra fi aṣọ tó mọ́ tẹ omi ara rẹ̀ gbẹ. Ẹ wọ aṣọ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ fún un. Oògùn ìpara tí wọ́n ń pè ní calamine ń dín yíyún kù. Ẹ fún un ní omi mu dáadáa, kí oúnjẹ rẹ̀ má ní ata bí ẹnu rẹ̀ bá ní egbò. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, parasitamọ́ọ̀lù ni kí ẹ fún un ní ìwọ̀n ọjọ́ orí rẹ̀. Ẹ má fún un ní ásípírìn rárá, nítorí ó lè ṣe ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ rẹ̀ léṣe. Kí ẹ má sì fún un ní ibuprofen àyàfi bí dókítà bá ní kí ẹ fún un. N kò sọ pé kí ẹ má ṣe àdúà. Ẹ ṣe é, kí ẹ sì ṣe ìtọ́jú náà.

Bí ó bá ń mí gúlegúle, bí ibà rẹ̀ bá kọjá ọjọ́ mẹ́rin, bí ojú egbò bá wú, tó pupa, tó ń ṣe ọyún, bí gìrì bá mú un, bí ó bá ń ṣe ìràn-ǹ-rán, tí ó ń bì láìdáwọ́ dúró, tàbí tí kò lè dá rìn, ọsibítù ni lójú ẹsẹ̀. Kí aláboyún tí kò tíì ní in rí, ọmọ tuntun, àti ẹni tí ara rẹ̀ kò lágbára má ṣe sún mọ́ ọn. Bí wọ́n bá ti sún mọ́ ọn, kí wọ́n tètè rí dókítà, kí wọ́n má dúró dìgbà tí ó bá sú. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà pẹ̀lú, èyí tí Dókítà Takahashi ṣe ní ilẹ̀ Japan ní ọdún 1974. Kí ẹni tí agbára rẹ̀ bá ká a bi dókítà léèrè nípa rẹ̀.

Àwọn kan yóò ní: ṣebí Ànábì ti sọ pé kò sí àkóràn? Òótọ́ ni pé ó wà nínú hádíìsì tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ṣùgbọ́n Abu Hurayra tó gbà á wá náà ló gba èkejì wá, pé kí ẹni tí ràkúnmí rẹ̀ ń ṣàìsàn má ṣe dà á wá bá èyí tí ara rẹ̀ le. Àwọn onímọ̀ ti so méjèèjì pọ̀: àìsàn kò ní agbára ti ara rẹ̀ àyàfi bí Ọlọ́hun bá fẹ́, ṣùgbọ́n Ọlọ́hun náà ló fi sábàbí sí i. Nígbà tí Sàyídínà Umar gbọ́ ní Sargh pé àjàkálẹ̀ àrùn wà ní Shām, ó yí padà. Abu Ubayda bi í bóyá kádàrá Ọlọ́hun ló ń sá fún. Ohun tó fi yé e ni pé kádàrá Ọlọ́hun náà ni òun tún ń lọ bá. Bí a bá lè ṣe èyí fún ràkúnmí, mélòómélòó ọmọ ènìyàn?

Ìdí nìyí tí mo fi ń bá àwa olùkọ́ wí ju òbí lọ. Òbí tó mọ̀ pé a ó na ọmọ òun yóò mú un wá pẹ̀lú ìléròrò lára. Ẹ jẹ́ kí a fòpin sí ẹgba àti owó ìtanràn lórí ọmọ tó ń ṣàìsàn. Kí a fi àyè rẹ̀ nínú wòlímọ̀ sílẹ̀ dè é. Kí ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan kọ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ náà sílẹ̀, kí á fi ránṣẹ́ sí i nílé láìfọwọ́ kan aláìsàn. Kí òbí náà rán ẹnìkan sí wa lọ́jọ́ kìn-ín-ní, kí a lè kìlọ̀ fún aláboyún àti àwọn òbí yòókù. Ẹ̀yin ọmọ kéwú, ẹ má ṣe fi àpá ojú ẹlẹgbẹ́ yín ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tí ó bá padà dé.

Kéwú ọ̀sẹ̀ kan tí ọmọ pa jẹ, a lè kọ́ ọ padà. Ẹ̀mí tó bá lọ, a kò lè kọ́ ọ padà. Kí Ọlọ́hun fún àwọn ọmọ wa ní àlàáfíà, kí ó sì dárí jì wá níbi tí a ti ṣe àṣìṣe. Àmín.