BÁTÌRÌ KAN KÒ GBỌDỌ̀ ṢE IṢẸ́ BÁTÌRÌ MÉJÌ

Àwọn kan wà nínú wa tí ń wọ ọkọ̀ ojú omi láti Ìkòròdú sí CMS kí wọ́n tó dé ibi iṣẹ́ ní Ìgànmú. Àwọn kan sì ni awakọ̀ ojú omi fúnra wọn. Ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo wa.

Nínú àwọn ọkọ̀ kan, bátìrì kan ṣoṣo ni ó ń jí ẹ́ńjìnnì, òun ni ó ń tan iná, òun ni ó ń gbé rédíò, òun náà ni ó ń gbé pọ́ǹpù tí ń fa omi inú ọkọ̀ jáde. Bí iná àti pọ́ǹpù bá mu ún gbẹ, tí ẹ́ńjìnnì sì kú láàrin ọ̀sà, kí ni awakọ̀ yóò fi jí i? Bí jàǹbá bá dé, awakọ̀ náà ni wọn yóò kọ́kọ́ nàka sí.

Àwọn ọ̀gá ní kí awakọ̀ máa ṣọ́ iná lò. Ẹ ò rí nǹkan! Bí wọ́n ti ń gbé iṣẹ́ ẹni méjì lé ẹnì kan lórí ní ilé-iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe bátìrì.

Ohun tí a ń béèrè kò ju èyí lọ: bátìrì kan fún ẹ́ńjìnnì nìkan, èkejì fún iná, rédíò àti pọ́ǹpù, kí sólà orí òrùlé ọkọ̀ máa rọ iná sí méjèèjì. Bí sólà wáàtì 100 bá rí oòrùn gidi fún wákàtí 4, ó lè mú nǹkan bíi 400 wáàtì-wákàtí wá. Ká ní 100 ṣòfò lójú ọ̀nà, 300 ṣẹ́ kù. Iná wáàtì 20 fún wákàtí 4 kò jẹ ju 80 lọ. Ṣùgbọ́n oòrùn ìgbà òjò kì í tó ti ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí náà kí wọ́n má ṣe fi ẹ̀ẹ̀rùn ṣírò rẹ̀.

Kí sólà kọ́kọ́ gba inú kọ̀ńtírólà kọjá, kí iná má bàa kún bátìrì jù. Bí kọ̀ńtírólà náà kò bá ní ojú méjì, kí wọ́n fi súwíìṣì tí ń dá ṣiṣẹ́ sí àárín, tí yóò so bátìrì méjèèjì pọ̀ nígbà tí iná bá ń wọlé, tí yóò sì yà wọ́n nígbà tí kò bá wọlé mọ́. Kí fíúsì wà nítòsí bátìrì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá fi wáyà lásán so méjèèjì pọ̀ ti sọ wọ́n di ẹyọ kan padà, nítorí pọ́ǹpù yóò mu méjèèjì gbẹ.

Wọ́n ní kò sí owó. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, èló ni wọ́n ń jó dànù láti fi ẹ́ńjìnnì rọ iná sí bátìrì nígbà tí ọkọ̀ dúró? Oòrùn kì í gba owó. Ní 2025 ìjọba Èkó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ Omi Èkó, wọ́n ní ọkọ̀ oníná mànàmáná ń bọ̀. A dúpẹ́. Àmọ́ èrò tí yóò wọ ìyẹn lọ́la ni ó wà nínú ọkọ̀ tòní.

A kò ní gbà kí wọ́n yọ owó bátìrì nínú owó oṣù ẹnikẹ́ni. Iyọ̀ omi ń jẹ orí wáyà, nítorí náà kí yíyẹ̀ ẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ tí a ń sanwó fún. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Àwa kò ní dákẹ́.