Agbo Ijó Sardana

Ní iwájú kàtídírà ìlú Barcelona, ní ilẹ̀ Katalóníà ní Spéìn, àwọn ènìyàn a máa péjọ ní òpin ọ̀sẹ̀ láti jó ijó kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ sardana. Wọn a di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọn a sì pa agbo róbótó. Àpò àti ẹ̀wù òtútù wọn a wà nílẹ̀ láàrin. Ẹni tí ó bá fẹ́ jó kò ní í gba ìwé ìpè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kìkì pé kò gbọdọ̀ gba àárín ọkùnrin àti obìnrin tí ó wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ wọlé, nítorí pé àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń jó.

Eléré mọ́kànlá ni ó ń ṣe orin rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni í bẹ̀rẹ̀: ọwọ́ òsì ni ó fi ń fọn fèrè kékeré, ọwọ́ ọ̀tún ni ó fi ń lu ìlù tíntìnní tí ó so mọ́ apá. Ṣùgbọ́n ọba àwọn ohun èlò náà ni tenora, fèrè gígùn kan tí ohùn rẹ̀ mú ṣáṣá, tí ó sì ń gba gbogbo ìta gbangba kan.

Àwọn kan ń wí pé ijó náà kò dùn, nítorí pé oníjó a máa ka ìṣísẹ̀ bí akọ̀wé tí ń ka owó. Òótọ́ ni pé wọ́n ń kà á. Bí orin bá parí tí ẹsẹ̀ kò parí, ìtìjú ni. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni adùn rẹ̀ wà: ẹnì kan a máa ṣírò fún gbogbo agbo, àwọn ìyókù a sì gbọ́ ọ láti inú ọwọ́ tí wọ́n dì mú.

Àríyànjiyàn kejì le ju èyí lọ. Ní ọdún 1924, ìjọba Primo de Rivera ka La Santa Espina, ọ̀kan nínú àwọn sardana tí àwọn ènìyàn fẹ́ràn jù, léèwọ̀, nítorí pé wọ́n ti sọ ọ́ di orin ìfẹ́ ilẹ̀ wọn. Ohun tí wọ́n bá fẹ́ fi ipá gbà lọ́wọ́ ènìyàn, yóò rọ̀ mọ́ ọn. Ta ni yóò bá wọn wí fún èyí? Síbẹ̀, àṣìṣe ni ti àwọn tí ń wí pé ijó náà kò gbọdọ̀ yí padà rárá. Pep Ventura, tí ó tún un ṣe ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí ó sọ ọ́ di gígùn, tí ó sì fi tenora ṣe olórí, Alcalá la Real ní Andalusíà ni wọ́n ti bí i ní 1817, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń ṣe iṣẹ́ ológun. Kò tijú láti mú orin láti inú eré olórin àwọn ará Ítálì. Bí àwọn àgbà ìgbà ayé rẹ̀ bá ti sé ilẹ̀kùn mọ́ ọn ni, sardana tí wọ́n ń ṣọ́ lónìí ìbá má sí.

Ewú ni ó pọ̀ jù nínú ọ̀pọ̀ agbo nísinsìnyí. Bí ọ̀dọ́ kan bá wọlé tí ó sì ṣì í kà, ó sàn kí wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú kí ó máa bá wọn yí lọ, ju kí wọ́n máa ṣọ́ agbo tí ìṣísẹ̀ rẹ̀ pé, títí kò fi ní í sí ẹni tí yóò jó o mọ́.