Iná Gáàsì Tó Ń Kú Fúnra Rẹ̀, Ẹ Má Fi Ipá Tàn Án

Olóòtú,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láàyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín kí n bá àwọn ará Ìbàdàn sọ̀rọ̀ lórí hítà gáàsì tí àwọn kan fi ń mú omi ìwẹ̀ gbóná.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé owó iná mànàmáná àwọn tó wà ní Band A dé náírà 225 fún yúnítì kan. Kì í ṣe ìyanu bí àwọn ará Bódìjà, Ring Road àti Challenge bá kẹ̀yìn sí hítà oníná, tí wọ́n yà sí ti gáàsì. Kò burú. Àmọ́ ẹjọ́ kan náà ni mò ń gbọ́: "A tàn án, ó gbà, kò pẹ́, ó tún kú." Ohun tó ń bí mi nínú ni ti àwọn atúnṣe kan tó máa ń fi wáyà tan ẹ̀rọ náà jẹ, kí gáàsì lè máa ṣàn bí iná bá tilẹ̀ kú. Ẹ gbọ́ o, ìyẹn kì í ṣe àtúnṣe. Ikú ni wọ́n gbé kọ́ ara ògiri yẹn.

Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nínú hítà tó ń ṣọ́ iná. Nínú àwọn kan, oríṣi irin méjì ni wọ́n so pọ̀. Bí iná bá ń yá a, ó ń mú mànàmáná bíńtín jáde, òun ló sì ń di ọ̀nà gáàsì mú ní ṣíṣí. Thomas Seebeck ló ṣàwárí àbùdá yìí ní 1821. Bí iná bá kú, irin á tutù, ọ̀nà gáàsì á sì pa dé. Ẹni tó bá tan aṣọ́nà yìí jẹ ti ṣílẹ̀kùn fún olè. Gáàsì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń rọ̀ sí. Ìṣáná kan péré ti tó.

Kí la wá lè ṣe? Ìdí rẹ̀ ni kí ẹ wá. Ẹ kọ́kọ́ wo omi, nítorí ọ̀pọ̀ hítà wọ̀nyí kì í jó bí omi kò bá fi agbára kọjá. Táńkì tó fi mítà 10 ga ju hítà lọ ló ń fún un ní agbára báà 1. Mítà 2 kò ju báà 0.2 lọ, ìyẹn sì lè má tó. Ẹ gbé táńkì sókè tàbí kí ẹ wá pọ́ǹpù. Ẹ wò ó bóyá iyanrìn ti dí asẹ́ ẹnu páìpù. Lẹ́yìn náà, ẹ pààrọ̀ bátìrì rẹ̀. Ẹ wò ó bóyá gáàsì ń tán lọ, tàbí régúlétọ̀ ti gbó. Eruku ọyẹ́ àti ilé aláǹtakùn náà lè dí ojú iná, ṣùgbọ́n atúnṣe tó mọṣẹ́ ni kó tú u.

Èyí tó léwu jù nìyí: nígbà mìíràn, àìsí atẹ́gùn ló ń pa iná náà. Àwọn hítà kan wà tí wọ́n ṣe kí iná wọn kú bí atẹ́gùn yàrá bá ń dínkù. Bí ẹ bá fi ipá mú un jó nínú balùwẹ̀ tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì, carbon monoxide ló máa tú jáde, èéfín tí kò láwọ̀, tí kò sì lóòórùn. Oró kan náà ló ń pa àwọn tó ń tan jẹnẹrétọ̀ sùn nínú ilé. Orí á fọ́, òòyì á kọ́ni, kéèyàn tó mọ̀, ó ti ṣubú.

Nítorí náà, ẹ̀yin onílé Bódìjà àti Agbowó, ẹ má jẹ́ kí hítà gáàsì wà nínú balùwẹ̀ àwọn ayálégbé yín. Ara ògiri ìta, lábẹ́ ìbòrí, ló yẹ ẹ́. Bó bá sì jẹ́ irú èyí tí wọ́n ṣe fún inú ilé, kí páìpù èéfín rẹ̀ jáde sí gbangba. Àwọn kan á ní owó ni. Èló ni owó páìpù lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó pósí?

Ẹ̀yin atúnṣe, mo bẹ̀ yín, bí oníbàárà bá ní kí ẹ sáà jẹ́ kó máa jó, ẹ kọ̀ fún un. Ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún un, kẹ́ ẹ sì pa gáàsì náà kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.



Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Òǹkàwé yín,
Bódìjà, Ìbàdàn.