Ẹ̀bi Olùkọ́ Ni, Kì Í Ṣe Ẹ̀bi Èdè Wa

Àwọn olùkọ́ kan a máa wí pé, níwọ̀n bí èdè Yorùbá kò ti ní "a" àti "the", tí ọ̀rọ̀ orúkọ rẹ̀ kì í sì í yí padà nígbà tí nǹkan bá di púpọ̀, èdè aláìpé ni, òun ni kò sì jẹ́ kí àwọn ọmọ wa mọ Gẹ̀ẹ́sì kọ. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀ rárá.

Èdè Látìn, tí àwọn ará Róòmù fi ṣe àkóso ayé ìgbàanì, kò ní "a", bẹ́ẹ̀ ni kò ní "the". Èdè Gíríìkì tí a fi kọ Májẹ̀mú Titun ní èyí tí ó dàbí "the", ṣùgbọ́n kò ní èyí tí ó dàbí "a". Ta ni yóò pe ìwọ̀nyí ní èdè aláìpé?

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀ràn náà dáadáa. Bí Yorùbá bá wí pé, "Mo ra ìwé," ó lè jẹ́ ọ̀kan, ó lè jẹ́ mẹ́wàá. Bí iye bá ṣe pàtàkì, a ó wí pé "ìwé kan", tàbí "àwọn ìwé", tàbí "ìwé mẹ́wàá". Òyìnbó kò ní òmìnira yìí. "A book" ni kí ó wí, tàbí "books". "I bought book" kò tọ̀nà. Láti inú ọ̀rọ̀ tí í ṣe "one" ni "a" àti "an" sì ti jáde wá ní àtijọ́, gẹ́gẹ́ bí "kan" tiwa. Ọmọ tí ó bá mọ èyí kò ní kọ "a books", nítorí ọ̀kan kì í ṣe púpọ̀. Ṣùgbọ́n "the" kò bá iye jà: "the book", "the books", bí a ti ń wí pé "ìwé náà", "àwọn ìwé náà".

Àwa a máa ka ìmọ̀ràn ní méjì, ní mẹ́ta. Òyìnbó kì í kà á bẹ́ẹ̀. Nítorí náà "advice", "furniture" àti "information" kì í gba "a", wọn kì í sì í gba "s". "News" ní "s" lẹ́yìn, síbẹ̀ ẹyọ ni: "the news is good".

Olùkọ́ tí ó na ọmọ nítorí "furnitures", láìfi èdè abínibí rẹ̀ là á yé e, ń jẹ ẹ́ níyà fún ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò kọ́ ọ. Bí a bá sì ń bú èdè ìyá ọmọ sí i létí lójoojúmọ́, yóò tẹ́ńbẹ́lú èyí tí ó mọ̀, kò sì ní mọ èyí tí a fẹ́ kí ó mọ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ gbé pàṣán sílẹ̀, kí ẹ fi ibi tí èdè méjèèjì ti pínyà han ọmọ.